Wọ́n Ní Awọ Wa Yóò Padà Di Tuntun: Kí Ni Wọ́n Ń Tà Gan-an?

Bí ẹ bá ń wo WhatsApp tàbí Facebook ní Adó-Èkìtì lásìkò yìí, ìpolówó awọ ara kò ní ṣàì yọjú sí yín. Ẹnì kan á ní òun ní ìpara stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì (hóró tíntìntín tí ara fi ń dá) tó ń bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ẹlòmíràn á ní òun ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún ojú, òun á sì fi ẹ̀jẹ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ pa á. Ẹnì kẹta á ní exosome, èròjà tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì jáde, ti dé láti Kòríà, pé ojú tó hun jọ yóò nà, àmì dúdú yóò sì wábi gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé fọ́tò méjì síta: èyí àkọ́kọ́ dúdú, èkejì pupa fòò.

Fọ́tò yẹn ló kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ ní Ọjà Ọba, àti àwọn ọkùnrin náà, máa ń béèrè pé: ṣé kì í ṣe bíbóra náà ni wọ́n tún fún lórúkọ olówó ńlá? Àwọn mìíràn gbà pé oògùn òyìnbó tuntun ni, kí ẹni tó bá lówó tètè lọ ṣe é. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, síbẹ̀ òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwòsàn gidi wà nínú ohun tí wọ́n ń polówó yìí. Ìtànjẹ náà wà níbẹ̀, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì ń pàtẹ wọn sí. Mo fẹ́ ká ya wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ojú ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, ojú kò sì ṣeé pààrọ̀.

## Báwo ni awọ ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe?

Awọ ara ní ìpele méjì tó kan ọ̀rọ̀ wa yìí: ti òkè àti ti abẹ́. Ti òkè fẹ́lẹ́, òun ni ọwọ́ wa ń kàn. Ti abẹ́ nípọn jù ú lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ibẹ̀ sì ni kọ́lájìn wà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó lágbára, tó ń gbé awọ ró kó má bàa rọ̀ jọwọlọ.

Ẹ wo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ewé tuntun kì í ti ìta hù. Àárín ló ti ń tì jáde, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á gbẹ, á sì já bọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gé igi náà lulẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá ṣì yè, ọmọ á tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìpele òkè awọ wa rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń jáde. Wọ́n á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi gbẹ, tí a ó sì fi kànìnkànìn họ wọ́n dànù nílé ìwẹ̀. Lára ọ̀dọ́, ìrìn yẹn máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28. Lára àgbàlagbà, ó lè kọjá ọjọ́ 40. Ó wà lára ìdí tí egbò kékeré fi ń pẹ́ lára ìyá àgbà ju ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ yìí ni a ti rí àwọn tó ń pèsè mẹ́lánìn, èròjà tó ń mú awọ dúdú. Ọ̀kan nínú wọn ń pín mẹ́lánìn fún nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 36 tó yí i ká. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lára dúdú àti lára òyìnbó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa ń ṣiṣẹ́ kárakára, hóró mẹ́lánìn tí wọ́n ń pèsè tóbi, ó sì ń pẹ́ kó tó tú ká. Ààbò tí wọ́n bí mọ́ wa ni.

## Kí ló wá ń mú awọ gbó?

Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Láti bí ẹni ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni kọ́lájìn ti ń dínkù, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ń bá ọjọ́ orí ṣe é, oòrùn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rí lójú. Ìtànṣán oòrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní UVA. Ó máa ń wọlé dé ìpele abẹ́, ó sì ń mú kí okùn kọ́lájìn máa já. Ó ń la gíláàsì kọjá pàápàá. Ní 2012, ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ fọ́tò awakọ̀ ẹni ọdún 69 kan jáde, ẹni tó ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ akẹ́rù. Apá òsì ojú rẹ̀, tó kọjú sí fèrèsé, ti nípọn, ó sì ti hun jọ gan-an. Apá ọ̀tún jọ ti ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ẹnì kan náà, ọdún kan náà. Oòrùn ló ya ojú rẹ̀ sí méjì.

Mẹ́lánìn ń gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ìwádìí kan ní 1979 fi hàn pé ìpele òkè awọ ènìyàn dúdú ń dènà oòrùn bí ìpara SPF 13 (SPF ni ìwọ̀n agbára ìpara tó ń dènà oòrùn) ṣe lè dènà rẹ̀, nígbà tí ti òyìnbó kò ju SPF 3 lọ. Abájọ tí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti lo ayé rẹ̀ lóko iṣu fi lè ní ojú tó dán ju ti òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó kù sí ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pèsè mẹ́lánìn láti dáàbò bò wá náà ló máa ń yára pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù nígbà tí nǹkan bá pa awọ lára. Lára tiwa, àmì dúdú àti ojú tí kò rí bákan náà ló sábà ń kọ́kọ́ fi hàn pé awọ ti ń gbó. Híhunjọ ń bọ̀ lẹ́yìn.

## Àmì dúdú, níbo ló ti ń wá?

Méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìpalára fi sílẹ̀: irorẹ́, eéwo, ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ibi tí òróró gbígbóná ta sí, kókó tí abẹ fi sílẹ̀ lágbọ̀n ọkùnrin tó fá irùngbọ̀n. Egbò ti jinná, síbẹ̀ mẹ́lánìn ṣì ń jáde níbẹ̀. Bí mẹ́lánìn náà bá wà ní ìpele òkè nìkan, yóò máa bá sẹ́ẹ̀lì tó ń gbẹ lọ, láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan ó lè ti ṣí. Bí ó bá ti jò wọ ìpele abẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á di eléérú, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpara kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.

Èkejì ni èyí tó máa ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iwájú orí àti orí ètè òkè, tí àwọn dókítà ń pè ní melasma. Obìnrin ló ń ṣe jù. Oyún lè mú un wá, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mọ́ọ̀nù lè mú un wá, oòrùn ló sì máa ń jí i dìde. Ooru iná náà ń dá kún un. Ìyá tó ń yan gààrí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń dín àkàrà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó ń sun ìkòkò ní Ìṣàn: ooru tó ń lù wọ́n lójú lè mú kí melasma kọ̀, kò lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ìpara tó dára jù pa á. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ pé wọn kì í tọ́jú ara wọn ni ojú wọn ṣe dúdú. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ló ń pa wọ́n lójú. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ tọ́jú wọn bi wọ́n nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn kó tó dárúkọ ìpara kankan.

## Níbo ni ìtúnṣe awọ ti yàtọ̀ sí bíbóra?

Ìtúnṣe awọ ni gbogbo ọ̀nà tó ń ta awọ jí láti ṣe iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀: kó máa bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, kó hun kọ́lájìn mìíràn, kó tú mẹ́lánìn tó ṣù jọ sójú kan ká. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń tọ́jú. Bíbóra ń dojú kọ mẹ́lánìn gbogbo ara, èyí tó ṣàìsàn àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sábà máa ń wà nínú ìpara ìbóra. Hydroquinone ń dí ọ̀nà tí mẹ́lánìn ń gbà jáde. Lọ́wọ́ dókítà, lórí ojú àmì nìkan, fún oṣù díẹ̀, oògùn ni. Bí wọ́n bá fi pa gbogbo ara fún ọdún púpọ̀, ó lè mú kí àwọ̀ dúdú aláró kó sí ìpele abẹ́, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lẹ́bàá ojú, kí ẹni tó ń wá pupa wá dúdú ju bí wọ́n ṣe bí i lọ. Ní 1975 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní South Africa lára àwọn tó ń bóra. Títí di òní, ó ṣòro láti wò. Sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol, oògùn tí wọ́n fi ń pa awọ tó ń yún tàbí tó wú, ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, ó sì ń dín kọ́lájìn kù, ìyẹn ni pé ẹni tó ń fi í pa ojú ń sanwó kí awọ rẹ̀ lè tètè gbó. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 2013, ti ní kí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe ìpara ìbóra oní-mẹ́kúrì dúró.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ló ń bóra. Ìwádìí tí nọ́ńbà yẹn ti jáde, tí wọ́n tẹ̀ ní 2002, àwọn oníṣòwò ní Èkó ni wọ́n bi léèrè, ọkùnrin sì wà nínú wọn. Kò bá Èkìtì sọ̀rọ̀ rárá. Mi ò sọ pé bíbóra kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa o. Ẹni tó bá la ọjà kọjá á rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà yẹn sọ fún yín pé gbogbo ayé ló ń ṣe é.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo èyí. Awọ tó bá tún ara rẹ̀ ṣe, àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ ló ń padà sí. Bí ẹ bá dúdú, awọ yín tó sàn yóò dúdú. Yóò kàn rí bákan náà, yóò sì dán. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun yóò fi stem cell tàbí exosome sọ yín di pupa, bíbóra ló fẹ́ ṣe fún yín, ohun yòówù tí ì báà kọ sára ìgò. Fọ́tò tó ti dúdú di pupa tí wọ́n ń gbé kiri yẹn, ẹ̀rí tó tako wọn ni.

## Èwo nínú wọn ló ṣeé gbára lé?

Èyí tó ní ẹ̀rí jù kò ní orúkọ tuntun rárá. Tretinoin ni, tó jẹ́ ọmọ ìyá fítámì A. Oògùn irorẹ́ ni wọ́n fi í ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ni dókítà Albert Kligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ojú àwọn àgbà tó ń lò ó ń nà, wọ́n sì tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 1986. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tuntun yára gòkè, ó sì ń mú ìpele abẹ́ hun kọ́lájìn. Èyí tó kàn wá jù ni ìwádìí 1993 tí wọ́n ṣe lórí àwọn ènìyàn dúdú 54 tí irorẹ́ àti egbò ti fi àmì sílẹ̀ lára wọn. Àmì náà ṣí lára àwọn tó lo tretinoin ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ìpara lásán lọ. Ẹ wo iye àkókò tí wọ́n fi lò ó: ọ̀sẹ̀ 40. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méje lòun máa fi ṣe é, ẹ bi í léèrè ohun tó pò mọ́ tirẹ̀.

Tretinoin náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó máa ń mú ojú yún, kó pọ́n, kó máa bó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyún yẹn fúnra rẹ̀ sì lè bí àmì dúdú tuntun lára aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́, kì í ṣe lójoojúmọ́. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, àwọn èròjà ìpara bíi azelaic acid àti niacinamide rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fítámì C náà wúlò, torí awọ kò lè hun kọ́lájìn tó le láìsí i. Tranexamic acid, oògùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ni àwọn dókítà ń lò ní ìwọ̀n kékeré fún melasma tó bá kọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì nínú iṣan rí kò gbọ́dọ̀ gbé e mì.

Lẹ́yìn ìpara ló kan abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń pè ní microneedling. Dókítà Desmond Fernandes, oníṣẹ́ abẹ ní Cape Town, wà lára àwọn tó ṣe ohun èlò rẹ̀ tó ń yí lórí awọ. Wọ́n á da abẹ́rẹ́ tí kò gùn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ bo ojú, ihò tíntìntín á ṣí, awọ á gbà pé wọ́n ti ṣe òun léṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun kọ́lájìn tuntun láti dí i. Ihò tí irorẹ́ fi sílẹ̀ àti ìlà wẹ́wẹ́ ojú ni ó ń bá wí jù. Kò mú ooru dání, ó sì fi èyí dára fún wa ju ọ̀pọ̀ lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ líle, lọ. Lésà tí kò yẹ fún awọ dúdú máa ń rí mẹ́lánìn bí ohun tó yẹ kó jó, á sì jó o pẹ̀lú awọ tó wà ní àyíká rẹ̀. Bí dókítà bá ní lésà lòun fẹ́ lò fún yín, ẹ bi í bóyá irú èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ni. Ìyẹn ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sórí mẹ́lánìn òkè.

PRP ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí pẹ̀lú eré, èyí tó pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á dúró lókè. Inú omi yẹn ni àwọn ohun tíntìntín tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì wà, àwọn náà ló sì máa ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ojú egbò ṣe jọ. Wọ́n á gún un sójú. Ó bọ́gbọ́n mu, ẹ̀jẹ̀ ara ẹni náà sì ni. Àmọ́ ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 gbìyànjú láti mọ̀. Ènìyàn 27 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gún PRP sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, wọ́n gún omi iyọ̀ sí èkejì, láìsọ èwo ni èwo fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ PRP dára ju èkejì lọ. Àwọn dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò, tí wọn kò mọ èyí tó ní PRP, kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ojú tèmi ni pé PRP lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń ta ilẹ̀ ìdílé nítorí rẹ̀.

## Stem cell àti exosome inú ìgò ńkọ́?

Fífi sẹ́ẹ̀lì alààyè tún awọ ṣe kì í ṣe àlá. Ní 2011, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní azficel-T fún ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Wọ́n á gé awọ kékeré lẹ́yìn etí aláìsàn, wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì tó ń hun kọ́lájìn jáde nínú rẹ̀, wọ́n á bí i sí i ní yàrá àyẹ̀wò fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó gún un padà sójú ẹni tó ni ín. Gbogbo ìlànà yẹn ló wà nídìí ìlà méjì péré lójú ènìyàn.

Ẹ wá fi wé ìgò tó jókòó sínú oòrùn lórí tábìlì ọjà. Sẹ́ẹ̀lì alààyè kò lè yè nínú ìpara. Ohun tí wọ́n sábà ń fi sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni omi tí wọ́n fún láti ara sẹ́ẹ̀lì èso tàbí ewéko. Ó lè mú ojú rọ̀ bí ìpara mìíràn ṣe ń mú un rọ̀. Kò lè bí sẹ́ẹ̀lì kankan fún ènìyàn, òrí tí ìyá wa ń rà ní Ọjà Ọba sì ń mú ojú rọ̀ bákan náà.

Exosome ni àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn. Àwọn onímọ̀ ń ṣèwádìí lórí rẹ̀ lóòótọ́, mo sì gbà pé ohun rere lè ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2019, FDA kìlọ̀ fáráyé lẹ́yìn tí ara àwọn kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska kò yá nítorí ọjà exosome tí wọ́n lò fún wọn, ó sì sọ gbangba pé òun kò fọwọ́ sí ọjà exosome kankan. Bákan náà ni èròjà tí wọ́n ń fà jáde láti ara àtọ̀ ẹja salmon, tó gbòde ní Kòríà: ó ní iṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn nípa egbò tó ń jinná, kò ní púpọ̀ nípa àmì dúdú lójú aláwọ̀ dúdú.

## Ta ló di abẹ́rẹ́ náà mú?

Ibí ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Ìtúnṣe awọ tó ní abẹ́rẹ́ nínú, ọgbẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń dá kó tó tún un ṣe. Lára aláwọ̀ dúdú, ọgbẹ́ tó jìn jù, tàbí èyí tí ìdọ̀tí bá wọ̀, àmì dúdú ló ń di. Àwọn ìdílé kan tún wà tí àpá wọn máa ń wú kọjá ojú egbò, bíi ti ẹni tó lu etí tí kókó sì yọ síbẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, sí ìyá tàbí bàbá yín rí, ẹ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gún yín lójú.

Ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ìlú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ilé ìṣaralóge kan tí kò ní ìwé àṣẹ ń ṣe PRP pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò wọlé ní 2018, wọ́n bá ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò ní orúkọ lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń lo ohun èlò tó yẹ kí wọ́n sọnù lẹ́ẹ̀kan náà fún ju ènìyàn kan lọ. Ní 2024, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, CDC, tẹ ìròyìn jáde pé ó kéré tán obìnrin mẹ́ta ló ti kó kòkòrò HIV níbẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí òfin ti múná tó bẹ́ẹ̀, ẹ ro yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù irun, níbi tí ohun èlò oní-rọ́là kan ṣoṣo ti ń kárí oníbàárà. Àrùn mẹ́dọ̀wú náà ń gba ọ̀nà yẹn.

Kí wọ́n tó gún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín. Bí ó bá jẹ́ PRP, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sára ìgò ẹ̀jẹ̀ yín níṣojú yín, kí ojú yín má sì kúrò lára rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da ìpara tí wọ́n pò fúnra wọn sórí ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ohun tí wọ́n ṣe fún orí awọ, inú awọ kò mọ̀ ọ́n.

## Kí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìnáwó yìí?

Ààbò kúrò lọ́wọ́ oòrùn. Bí oòrùn bá ṣì ń lu ojú lójoojúmọ́, PRP mẹ́wàá kò lè mú melasma lọ. Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún wa: ní 2010, àwọn olùwádìí fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí lásán, tí kì í ṣe UVA, tó láti sọ awọ dúdú di dúdú sí i, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún awọ òyìnbó funfun. Ìpara oòrùn tó funfun tàbí tí kò ní àwọ̀ kì í dá ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró dáadáa. Èyí tó ní àwọ̀ bíi ti ara, tí wọ́n po iron oxide mọ́, ló ń ṣe é. Kì í sì í sọ ojú wa di eléérú bíi ti funfun, èyí tó jẹ́ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi sá fún ìpara oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lówó rẹ̀ ní akẹtẹ̀ àti agboòrùn. Ìyá tó ń yan gààrí lè gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò níwájú agbada, kó jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ooru lọ.

## Ẹni tó ti ń bóra tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Kò sí ìtúnṣe tó lè múlẹ̀ lórí awọ tí wọ́n ṣì ń bó. Ṣùgbọ́n bí ìpara náà bá ní sítẹ́rọ́ìdì líle, tí ẹ sì ti fi pa ibi tó pọ̀ lára fún oṣù tàbí ọdún, ẹ má kàn jù ú nù lọ́jọ́ kan. Ojú lè pọ́n, kó wú, kó máa jó yín, ara fúnra rẹ̀ sì lè ti gbàgbé láti máa pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀, kí ó wá rẹ̀ yín gidigidi, kí òòyì máa kọ́ yín. Dókítà ló yẹ kó bá yín dín in kù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn dókítà awọ ń rí irú rẹ̀ gan-an.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí dókítà awọ máa ń wà. Ẹ kó gbogbo ìgò, ọṣẹ àti tíúbù tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí ẹnì kan pò fún yín nínú ike tí kò ní orúkọ. Ẹ má fi nǹkan kan pa ojú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí dókítà lè rí awọ bó ṣe wà.